Òwú tí mò ń ran lára súwẹ́tà àlòkù ń já ṣáá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Télọ̀ ni mí, Manchester ni mò ń gbé. Súwẹ́tà táwọn ọmọ mi ò lè wọ̀ mọ́ kún ilé, àgékù ańkárá náà kún báàgì mẹ́ta. Mo fẹ́ máa fi wọ́n ran òwú aláràbarà tó máa ń rí gúlúgúlú yẹn, mo ti ra igi ìrànwú. Mo gé súwẹ́tà wẹ́wẹ́, mo yà á bí irun, àmọ́ bí mo ṣe ń ràn án ló ń já, ańkárá tí mo fi sínú ẹ̀ náà ń jábọ́. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ọwọ́ yín ò burú rárá o, sísọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ fi gé súwẹ́tà yẹn ló fà á. Irun wúùlù gbọ́dọ̀ gùn débi tó máa lè di èkejì ẹ̀ mú, tẹ́ ẹ bá ti gé e kúrú bí èékánná, bó ti wù kẹ́ ẹ lọ́ ọ tó, ó máa já ni. Leeds tí mò ń gbé yìí ò jìnnà sí Batley, níbi tí Benjamin Law ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà wúùlù ṣe aṣọ ní nǹkan bí 1813, kì í sì í ṣe àkísà nìkan ló lò, ó po wúùlù tuntun mọ́ ọn ni, torí èyí tó gùn ló máa gbá èyí tó kúrú mú. Ohun tẹ́yin náà máa ṣe nìyẹn, ẹ pò ó ní ìdajì sí ìdajì, kẹ́ ẹ wá yà á pọ̀, búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń ya irun ajá, méjì tó fún un. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn ìyá wa náà máa ń gbọn òwú dáadáa kí wọ́n tó ràn án.

Ẹ má sì gé súwẹ́tà mọ́ jọ̀ọ́, ẹ tú u. Ẹ wo ojú rírán ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ̀yin télọ̀ máa tètè mọ̀ ọ́n: tó bá jẹ́ wífín, ìyẹn òwú tí ẹ̀rọ fi ń ká etí aṣọ kó má bàa tú, ni wọ́n fi ká etí ẹ̀, wọ́n gé e kí wọ́n tó rán an nìyẹn, kúkúrú kúkúrú lá máa jáde, ìyẹn lẹ máa fọwọ́ fà ya fún pípò. Èyí tí kò ní wífín, ẹ bẹ̀rẹ̀ látọrùn, òwú gbọọrọ lẹ máa rí. Èyí tí omi gbígbóná ti sọ di gbagidi, ẹ gbé e sápá kan, kò ní tú.

Tẹ́ ò bá mọ̀ bóyá wúùlù ni, ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kẹ́ ẹ ṣáná sí i nínú síńkì. Wúùlù máa rùn bí irun tó jó, eérú ẹ̀ á fọ́ lọ́wọ́. Èyí tó jẹ́ ike máa yọ́, á wá dì kóókó bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ó wá ku ańkárá. Ẹ má fi sínú wúùlù rárá, ibẹ̀ kọ́ ni àyè ẹ̀. Ẹ ran òwú méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí igi máa yí sápá ọ̀tún, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ lọ́ méjèèjì pọ̀, ẹ yí i sápá òsì. Bẹ́ ẹ ṣe ń lọ́ ọ lọ, ẹ mú ańkárá tó fẹ̀ bí ìka ọmọdé, ẹ fi àárín ẹ̀ há sáàárín òwú méjèèjì, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí òwú lọ́ ọ mọ́ra lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó jọ̀wọ́ ẹ̀. Etí ẹ̀ méjèèjì á yọ síta bí ìyẹ́ ẹyẹ, inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i. Ẹ wá fà á wò, aṣọ yẹn á ya kó tó jábọ́.

Tó bá jẹ́ àdìrẹ aláró lẹ ní, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ fi máa mọ́, torí aró yẹn máa gba ara wúùlù funfun lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rẹ ẹ́ sómi.