Ìbàdàn là ń kó lọ: àdúgbò wo ló dáa fún àwọn ọmọ?

ÌBÉÈRÈ: Èkó la ti ń gbé látìgbà tí a ti ṣègbéyàwó. Wọ́n ti gbé ọkọ mi lọ sí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ wọn ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, a sì fẹ́ fi owó tí a ti ń fi pamọ́ ra ilé níbẹ̀. Ọmọ mẹ́ta la bí. Èyí àgbà wà ní JSS 2, àbíkẹ́yìn ò tíì pé ọdún 5. Àwọn ajẹ́ǹtì ti mú wa lọ wo ilé kan ní Àpẹ́tẹ̀ àti òmíràn ní Akóbọ̀. Bódìjà ló wù wá jù, àmọ́ owó rẹ̀ ti pọ̀ jù fún wa. Báwo la ṣe máa mọ àdúgbò tó dáa fún ọmọ?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ilé wò, kí n sì díye lé e kí èèyàn tó rà á. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ háyà ilé fún ọdún kan ná. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni láti san owó háyà, kí èèyàn tún san ti àgírímẹ́ǹtì àti kọ̀míṣọ̀n, nígbà tí owó ilé ń gòkè lójoojúmọ́. Síbẹ̀, owó ọdún kan yẹn kéré sí owó ilé tí ẹ ò ní lè gbé.

Ilé-ìwé ni kí ẹ wá kí ẹ tó wá ilé. Ẹ jẹ́ kí èyí àgbà wọ ilé-ìwé tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà oṣù Kẹsàn-án, torí ilé-ìwé ló ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò JSS 3, wàhálà ni tí ọmọ bá dé láàárín ọdún. Tí ẹ bá ti mọ ilé-ìwé, ẹ wá ilé sí àárín ibẹ̀ àti Dùgbẹ̀. Ẹ wọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí ẹ fi ojú ara yín rí ọ̀nà náà. Ẹni tó ń ti Akóbọ̀ bọ̀ máa gba Baṣọ̀run àti Ìdí-Àpẹ́, á tún la Gate àti Mọ́kọ́lá kọjá kó tó dé Dùgbẹ̀. Ìlú ló là já yẹn. Láti Àpẹ́tẹ̀, tí ẹ bá gba Ẹlẹ́yẹlé àti Jẹ́ríkò, ọ̀nà kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ti ọ̀nà nìkan ni, Àpẹ́tẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ mú.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ omi ńkọ́? Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá rọ̀ ní Ìbàdàn, omi gbé afárá Àpẹ́tẹ̀ lọ, àwọn tó ń gbé lódì kejì ò rọ́nà wọ ìlú. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló sì bá a lọ. Mi ò sọ pé kí ẹ sá fún Àpẹ́tẹ̀. Òkè àti àfonífojì ni gbogbo Ìbàdàn, odò ò sì jìnnà sí ọ̀pọ̀ ilé ní Akóbọ̀ náà. Ibi tí ilé gan-an dúró sí ni kí ẹ wò. Ẹ lọ lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ wo ipa ẹrẹ̀ lára fẹ́ǹsì, ẹ wo ibi tí ilẹ̀ dà sí. Ilé tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, ẹ fura sí i. Ẹ bi ìyá tó ń tajà lódìkejì títì pé ibo ni omi máa ń dé, ṣé àwọn ọmọ máa ń pa ilé-ìwé jẹ nítorí ẹ̀. Ẹ má bi ajẹ́ǹtì.

Ẹ tún béèrè bóyá kànga máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àpáta ló wà lábẹ́ Ìbàdàn, ẹlòmíràn á gbẹ́ borehole jìnnà tí kò ní kan omi. Ní ti iná, ẹ ní kí wọ́n fi rìsíìtì IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná níbẹ̀, hàn yín, kí ẹ mọ Band, ìyẹn ìpele wákàtí iná, tí àdúgbò wà. Ó kéré tán, wákàtí 20 lójúmọ́ ló yẹ kí Band A ní, ti Band E sì jẹ́ wákàtí 4, ó kéré tán.

Ní ti Bódìjà, ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Àdúgbò olówó ò ní kí èèyàn má béèrè ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàù bú ní Bódìjà Àtijọ́, ó pa èèyàn, ó sì wó ilé. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó o pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Torí náà, ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò tí ẹ bá fẹ́ rà. Ẹ tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí: fijilanté, géètì, ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta lóru, ilé ìkẹ́rùsí tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìwé ilé ló kù. Rìsíìtì ẹbí nìkan ò tó. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí àwọn àgbà ẹbí náà sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú rẹ̀. Títà tí kò sí ọwọ́ olórí ẹbí nínú ẹ̀ ò múlẹ̀ rárá lójú òfin. Tó bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ẹ ṣì máa gba àṣẹ gómìnà lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 kó tó di tiyín, ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ owó ilé. Kí lọ́yà tiyín lọ yẹ ìwé wò ní Sẹkitéríàtì, Agodi, kí sọ̀fíyọ̀ tiyín náà sì wádìí bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Mo tẹnu mọ́ èyí torí Àpẹ́tẹ̀ ò jìnnà sí adágún Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1942, ìjọba sì ní ilẹ̀ létí omi náà.

Ká ní èmi ni yín, mo máa háyà ilé sí Ẹlẹ́yẹlé tàbí Ìdí-Iṣin ní oṣù Kẹjọ kí ilé-ìwé tó wọlé, kí n fi òjò oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá yẹ ilé Àpẹ́tẹ̀ yẹn wò dáadáa. Bí ẹsẹ̀ ògiri bá gbẹ, tí ìwé rẹ̀ sì mọ́, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà.