Ṣé lóòótọ́ ni L.Q.C. Lamar bá Amẹ́ríkà jagun kó tó di adájọ́ ibẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n ti bí i ní 1825. Lọ́yà ni, ó sì ní ẹrú. Mississippi ló ṣojú fún nílé aṣòfin láti 1857. Nígbà tí Mississippi fẹ́ yapa kúrò lára Amẹ́ríkà ní 1861, òun gan-an ló kọ ìwé ìyapa náà, ló bá gbé ìbọn, ó jà fún àwọn ará Gúúsù, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó yapa. Àìsàn ló lé e kúrò lójú ogun ní 1862.

Ohun tó ya èmi lẹ́nu rèé: ní 1874, ó dìde nílé aṣòfin, ó ṣe ìdárò Charles Sumner, sẹ́nétọ̀ ará Àríwá tó jẹ́ àgbà ọ̀tá òwò ẹrú! Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní Àríwá. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó tàn yín o. Nílé ní Mississippi, ó wà lára àwọn tó gbéjà ko ìjọba tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń kópa.

Ó di sẹ́nétọ̀ ní 1877, mínísítà ní 1885. Ní 1888, ìbò àwọn sẹ́nétọ̀, 32 sí 28, ló gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ó kú ní 1893.