Ọkọ̀ rìmóòtù mi ń yí bírí ní kọ́nà: kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ìbéèrè:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni mo wà, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, la jọ to ọkọ̀ rìmóòtù Tamiya TT-02 kan nígbà Kérésì, a wá ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sá eré ọkọ̀ rìmóòtù lórí kápẹ́ẹ̀tì nínú gbọ̀ngàn iléèwé kan lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àwa la máa ń gbẹ́yìn. Tó bá ti ń jáde ní kọ́nà báyìí, ìdí ẹ̀ á fò yọ, á yí bírí, á kọjú síbi tó ti ń bọ̀. Àwọn kan ní kí n ra mọ́tò brushless 13.5, èyí tó yára ju ti inú páálí lọ, àwọn kan ní kí n kúkú ju èyí sílẹ̀ kí n ra ọkọ̀ míì. Pọ́n-ùn 100 ni ìyàwó mi fọwọ́ sí. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ìdáhùn:
Àbúrò mi, o kú ìnáwó, bá mi kí ìyàwó ẹ dáadáa torí pọ́n-ùn 100 yẹn tó, ó tiẹ̀ máa ṣẹ́kù tó o bá gbọ́ tèmi. Má ra mọ́tò. Ọkọ̀ tí ò lè fẹsẹ̀ mú ilẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò tó bá a wá látinú páálí, tó o bá lọ fi 13.5 sí i, nǹkan tó o fowó rà ò ju pé kó máa tètè yí bírí.

Èmi náà ti ṣe é rí o. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun báyìí ni pé kí n máa tún irú ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe fún oníbàárà, àmọ́ kí ojú mi tó là, TT-01, ẹ̀yà tó ṣáájú TT-02, ni mo ní, lọ́jọ́ tí owó oṣù wọlé mo sáré lọ ra brushless tó le, mo dè é mọ́ ọn, ìyípo kejì péré ló fi orí sọ pákó tí wọ́n fi yí tráàkì ká, apá iwájú ọ̀tún kán pátápátá, mo sì wà níbẹ̀ tí mo ń ṣa ike nílẹ̀ nígbà tí ọmọ kékeré kan tí ò ní nǹkan kan lára ọkọ̀ tiẹ̀ ju bíárìn àti táyà tó dáa lọ gba ipò kìíní.

Nǹkan míì tún ni pé kó o lọ bèèrè òfin ibi tẹ́ ẹ ti ń sáré kó o tó ná kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ kíláàbù ní UK ló ní kíláàsì TT-02 tí wọ́n ti sọ irú mọ́tò tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ lò, tó o bá wá fi 13.5 sí tìẹ, wọ́n á ní kó o lọ bá àwọn àgbà sáré, wọ́n á sì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Nọ́ńbà yẹn, iye ìgbà tí wáyà yí po nínú mọ́tò ni, bó bá ṣe ń kéré sí i ni mọ́tò ń yára sí i, 21.5 rọ̀ ju 17.5 lọ, 17.5 rọ̀ ju 13.5 lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mọ́tò fàdákà tó bá a wá yẹn tó yín í jẹ títí di ìgbà ẹ̀rùn. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ̀yin méjèèjì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ BRCA, ẹgbẹ́ àwọn eléré ọkọ̀ rìmóòtù ní Britain, torí ìnṣọ́ránsì wà nínú ẹ̀, ọkọ̀ kékeré yìí tó bá sọ èèyàn lẹ́sẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ó yá, bíárìn la ó ti bẹ̀rẹ̀. TT-02 tí Tamiya gbé jáde ní Japan lọ́dún 2013, ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni, wọ́n sì ti dín owó kù láwọn ibì kan, ibi tó yẹ kí bíárìn irin wà, òrùka ike ni wọ́n fi sí i. Òrùka yẹn á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, eruku kápẹ́ẹ̀tì á wọ inú ẹ̀, á jẹ ẹ́, táyà á wá máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí eyín àgbàlagbà. Lọ ra sẹ́ẹ̀tì bíárìn TT-02, èyí tí inú ẹ̀ jẹ́ mílímítà 5 tí ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ 11, bíi pọ́n-ùn 10 ni. Tó o bá fi wọ̀ ọ́ tán, gbé ọkọ̀ sókè, fi ìka ta táyà kan kó o wò ó: tẹ́lẹ̀ ìdajì ìyípo ló máa ń dúró, ní báyìí á máa yí lọ títí á fi sú ọ.

Bó o bá ti ń tú u, fara balẹ̀ lórí sukúrù. Àwọn sukúrù Tamiya yẹn kì í ṣe èyí tí sukudíráfà tó wà nínú dúrọ́wà ilé máa ń bá mu, ti àwọn ará Japan ni, JIS ni wọ́n ń pè é, tó o bá fi ti ilé fà á, ojú ẹ̀ á fọ́, wàhálà dé nìyẹn. Ra JIS kan, kò ná ọ ní nǹkan. Inú ike ni sukúrù ọ̀hún sì ń wọ̀, torí náà tó o bá fẹ́ dá a padà, kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí wàá fi gbọ́ tó dún "kọ́", ojú ọ̀nà tó ti gbẹ́ tẹ́lẹ̀ ló bọ́ sí yẹn, ìgbà yẹn ni kó o tó wá yí i síwájú. Tí o ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, á gbẹ́ ọ̀nà tuntun, ìgbà kẹta tó o bá tú u, ihò ẹ̀ ti di gbàràmù, kò ní dè mọ́. Kọ́ ọmọ ẹ ní èyí lẹ́ẹ̀kan, òun náà á máa kọ́ ẹlòmíì.

Ṣọ́ọ̀kì ló tẹ̀ lé e. Èyí tó bá a wá ò ní ọ́ìlì kankan nínú, sípíríǹgì àti ike tó ń fara ha ara wọn lásán ni, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ yín ń fò bí tata tó bá gun ibi tí wọ́n ti so kápẹ́ẹ̀tì pọ̀. Ra ṣọ́ọ̀kì olọ́ìlì Tamiya mẹ́rin, CVA ni wọ́n ń pè é, bíi pọ́n-ùn 25. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ba á jẹ́ ni ibi kí wọ́n rọ ọ́ìlì sí i, torí wọ́n ń kánjú. Na ọ̀pá ẹ̀ sísàlẹ̀ pátápátá, rọ ọ́ìlì dé nǹkan bí ẹnu, wá máa gbé ọ̀pá yẹn lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀, wàá rí ihó atẹ́gùn kéékèèké tó ń jáde wá sókè. Gbé e dúró sínú ife, lọ jẹun, kó o padà wá. Tí ihó yẹn bá ti tán, fi ọ́ìlì kún un títí ojú ẹ̀ á fi yọ díẹ̀ lẹ́nu, dé e, nu èyí tó dànù. Gbé e sí etí, kó o fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́: tó bá dún "ṣììṣì", atẹ́gùn ṣì wà nínú ẹ̀, tún un ṣe. Kí méjì iwájú bá ara wọn mu, kí méjì ẹ̀yìn náà bá ara wọn mu, torí tí ọ̀tún bá le ju òsì lọ, ọkọ̀ á máa dára ní kọ́nà kan, á máa ṣe wèrè ní èkejì.

Táyà wàyí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Táyà tó wà nínú páálí le bí bàtà iléèwé, ó wà fún kí ọmọdé máa fi gbá kiri níwájú ilé ni. Ju gbogbo nǹkan tí mo ti sọ lọ, òun lo máa rí ìyàtọ̀ ẹ̀. Àmọ́ má lọ ra èyí tó wù ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bèèrè èyí tí kíláàbù yín ń lò, torí ọ̀pọ̀ wọn ti mú ẹyọ kan fún gbogbo èèyàn. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún ẹ, rántí pé nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀, bó bá ṣe kéré ló ṣe rọ̀: 24 fún ibi tó tutù, 36 fún títì ọ̀dà tí oòrùn ti pa gbóná, gbọ̀ngàn iléèwé ní January kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fi 36 sí. Ra èyí tí wọ́n ti fi gúlúù lẹ̀ mọ́ wíìlì, bí kò bá lẹ̀ dáadáa, á yọ lẹ́nu kọ́nà.

Òróró tún wà tí wọ́n fi ń pa táyà lára kó lè rọ̀, àwọn kíláàbù kan ò gbà á nítorí òórùn, bèèrè ná. Tí wọ́n bá gbà á, ọgbọ́n kan rèé: pa táyà ẹ̀yìn tán pátá, èyí iwájú, ìdajì tó wà lápá inú nìkan ni kó o pa. Iwájú á mú ilẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn á mú un gidi, ìdí ọkọ̀ ò ní yára fò yọ mọ́. Ọkọ̀ tí mo ti rí tí òróró yìí nìkan wò sàn pọ̀.

Tí ìyẹn ò bá tó, dífù, ìyẹn jíà tó ń jẹ́ kí táyà ọ̀tún àti òsì lè yí ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. TT-02 ní dífù jíà méjì, iwájú àti ẹ̀yìn. Tú ti iwájú, fi gíríìsì tó ki tó ń fà bí ọbẹ̀ ewédú kún inú ẹ̀, fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ pẹ̀lú gíríìsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú ẹ̀. Tó o bá di táyà ọ̀tún mú tó o yí ti òsì, kí iwájú ṣòro díẹ̀, kí ẹ̀yìn rọrùn. Èyí tó ń dà yín láàmú, bóyá nígbà tẹ́ ẹ̀ ń tò ó, ẹ fi gíríìsì kan náà dí méjèèjì pinpin (mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń tò ó nígbà Kérésì, gíríìsì pọ̀ nínú páálí, wọ́n á ní kí wọ́n má fi ṣòfò). Lẹ́yìn ìyẹn, fi sípíríǹgì tó rọ̀ sí ẹ̀yìn, èyí tó le sí iwájú. Wọ́n sì ń ta uprights ẹ̀yìn (ibi tí ọ̀pá táyà ń gbà kọjá) tó máa ń jẹ́ kí ojú táyà ẹ̀yìn méjèèjì dà sí ara wọn díẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹyẹlé, bíi dígírí 2. Ìyẹn á gba díẹ̀ nínú eré ẹ̀ lórí títì gígùn, àmọ́ ọkọ̀ tó ń sáré lọ tààrà sàn ju èyí tó ń wẹ̀yìn wò.

Nǹkan kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ tí ẹnì kankan kì í ṣe. Gbé ọkọ̀ sórí tábìlì tó tẹ́jú, fi ẹnu ọ̀bẹ kékeré há abẹ́ imú ẹ̀, ní àárín gan-an, gbé e sókè jẹ́jẹ́ kó o máa wo táyà iwájú méjèèjì. Ó yẹ kí wọ́n jọ fi tábìlì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ọ̀kan bá kọ́kọ́ gbéra, ara ọkọ̀ ti wọ́, tú àwọn sukúrù òkè sílẹ̀ kó o jẹ́ kó sinmi, dè é padà, lẹ́yìn náà kó o wá fi ike kékeré lára ṣọ́ọ̀kì tún un ṣe. Ṣe ti ẹ̀yìn náà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó wọ́ yìí, kò sí owó tó o ná sórí ẹ̀ tí kò ní yí bírí ní apá kan.

Sítíárìn yín náà, kí n má bàa gbàgbé: servo saver (ike tó wà láàárín mọ́tò sítíárìn àti táyà, tó ń gba ìkọlù) tó bá a wá rọ̀ jù, tó o bá yí rìmóòtù sí ọ̀tún tó o tún dá a padà, táyà ò ní padà síbi kan náà. Tamiya nọ́ńbà 51000 lo máa rà, kò tó pọ́n-ùn 10. Nínú rìmóòtù, dín bí táyà ṣe ń yí dé ibi tó lọ kù díẹ̀, ọmọ ọdún 12 tí ń fa sítíárìn dé òpin ní gbogbo kọ́nà, òun fúnra ẹ̀ ló ń ti ìdí ọkọ̀ yọ, kì í ṣe ẹjọ́ Tamiya.

Jíà, fi í sílẹ̀. Spur (jíà ńlá) eléyín 70 àti pinion (jíà kékeré ara mọ́tò) eléyín 22 ló bá a wá, jíà inú jẹ́ 2.6, 70 pín sí 22 lọ́nà 2.6 á fún ẹ ní 8.27, iye ìgbà tí mọ́tò ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ó tó fún kápẹ́ẹ̀tì kékeré. Tí mọ́tò bá gbóná tó o ò fi lè gbé ìka lé e, fi pinion 20 sí i, á di 9.1, á tutù. Tó o bá fẹ́ lo bátìrì LiPo, rí i pé ESC yín (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná láti bátìrì lọ sí mọ́tò) mọ bá a ṣe ń paná kí bátìrì tó wọlẹ̀ ju fólítì 3.2 lọ fún sẹ́ẹ̀lì kan, àwọn ESC kan ò mọ̀ ọ́n, bátìrì á sì wú bí àkàrà. Àpò tí iná ò lè jó ni kó o ti máa ṣàájì ẹ̀, kó o sì wà nítòsí.

Ṣírò ẹ̀ wò: bíárìn, ṣọ́ọ̀kì, táyà, servo saver, kò yẹ kó ju pọ́n-ùn 70 lọ. Má kó gbogbo ẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, bíárìn àti táyà nìkan, kó sá ìyípo mẹ́wàá, kó o kọ àkókò ẹ̀ sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ṣọ́ọ̀kì. Tó bá ṣì ń yí bírí lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀wé sí mi, kó o sọ fún mi bóyá ìgbà tí ọmọ ẹ ń tẹ iná ni ọkọ̀ ń yí àbí ìgbà tó bá gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀, torí àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì.