Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Wọ́n kọ PEP sí àkáǹtì mi, ta ló lè bá mi pa á rẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo wà, sìmẹ́ǹtì ni mò ń tà. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ti di alága káńsù ni báńkì ti ń bi mí léèrè ibi tí owó mi ti ń wá. Wọ́n ní mo ti di PEP, torí pé ẹbí ẹni tó wà nípò ìjọba ni mí. Mi ò ṣe òṣèlú rí láyé mi. Bọ̀ọ̀dá kan ní Adó ní òun mọ ẹni tó lè yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé EFCC, pé kí n mú ₦80,000 wá. Ṣé kí n san án? Ìyá Onísìmẹ́ǹtì.

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀, ìyá mi. Bí ẹ bá sì ti san án, ẹ lọ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹrin rèé tí irú ìbéèrè yìí máa dé ọwọ́ mi láàárín oṣù díẹ̀, inú sì ń bí mi gidi, torí ohun tí kò sí rárá ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń tà fún yín.

Kò sí ìwé EFCC kankan tí wọ́n kọ orúkọ yín sí torí pé ẹ̀gbọ́n yín di alága. PEP (Politically Exposed Person), ìyẹn ẹni tó di ipò ńlá mú nínú ìjọba tàbí ẹni tó sún mọ́ ọn, kì í ṣe ẹ̀sùn. Báńkì yín fúnra wọn ló fi àmì yẹn sí àkáǹtì yín, òfin ló sì ní kí wọ́n fi í síbẹ̀. Àjọ FATF, tí àwọn orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó ẹ̀gbin, sọ ọ́ kedere pé ìdènà ni ètò yìí, kí ẹnikẹ́ni má fi pe èèyàn ní ọ̀daràn. Bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé rẹ̀ bá dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra ju ẹlòmíì lọ. Kò tíì ṣàìsàn. Ibi tó ti wá ni wọ́n ń wò.

Ẹni tó ní òun máa pa àmì náà rẹ́, ibo ló fẹ́ gbà? Inú kọ̀ǹpútà báńkì ló wà. Bí báńkì kan bá tiẹ̀ yọ ọ́ lónìí, báńkì mìíràn tí ẹ bá lọ ṣí àkáǹtì sí á tún fi í síbẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n yín ṣì ni alága, ẹ̀yin náà sì ṣì ni àbúrò rẹ̀. Ìwé tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ń lu òǹtẹ̀ pupa sí, tí wọ́n ń pè ní ìwé ìwẹ̀nùmọ́, òfin kankan ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ ní ẹ ò ṣe òṣèlú rí. Kò dìgbà tí ẹ bá ṣe é. Ìlànà tí CBN gbé jáde lọ́dún 2013 ka àwọn gómìnà, alága ìjọba ìbílẹ̀, àgbà òṣèlú, àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba, adájọ́, ọ̀gá ológun, ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba àti àwọn èèkàn ẹgbẹ́ òṣèlú, ó sì fi ẹbí àti àwọn tó sún mọ́ wọn kún un. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Lẹ́yìn tí Abacha kú lọ́dún 1998, owó Nàìjíríà tí wọ́n rí ní Switzerland àti níbòmíì, orúkọ ọmọ àti ọ̀rẹ́ ni wọ́n fi kó púpọ̀ nínú rẹ̀ pamọ́. Ohun tó la ojú ayé nìyẹn.

Ìlànà náà tún dárúkọ ìdílé ọba, ibẹ̀ sì ni orí àwa ará Èkìtì ti máa ń gbóná. Ìlú wo ló wà ní Èkìtì tí kò ní ọba, agboolé mélòó ni kò sì ní ọmọ ọba? Lójú tèmi, ọba tó wà lórí ìtẹ́, àwọn olorì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Tíṣà tí baba ńlá rẹ̀ jọba kí ojú tó là kọ́ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní òdiwọ̀n tirẹ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ tiyín.

Ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ yín kò le. Ọ̀gá àgbà kan á fọwọ́ sí àkáǹtì yín, wọ́n á sì máa bi yín ní ìbéèrè méjì tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀: báwo lẹ ṣe kó ọrọ̀ yín jọ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti ibo ni owó tó wọlé lónìí yìí gan-an ti wá. Rìsíìtì ibi tí ẹ ti ń ra sìmẹ́ǹtì, ìwé owó orí, ìwé tí ẹ fi ń kọ ọjà tí ẹ tà: ẹ kó wọn lọ. Wọn ò gbọ́dọ̀ torí PEP nìkan lé yín. FATF fúnra rẹ̀ ní ìyẹn lòdì sí ìlànà òun. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí báńkì, bí wọn ò bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ sí CBN. Èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì rí ìwé yín. Bí wọ́n bá ti àkáǹtì pa, ẹ wá lọ́yà.

Irọ́ ló ń kó èèyàn sí wàhálà. Ọ̀gbẹ́ni kan wá sọ́dọ̀ wa nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó kọ “rárá” sí ibi tí wọ́n ti bi í bóyá ó ní ẹbí nínú ìjọba, kọmíṣánnà sì ni ìyàwó rẹ̀. Owó rẹ̀ mọ́, irọ́ yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí a ń fura sí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ “bẹ́ẹ̀ ni”, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n yín síwájú rẹ̀. Bí òun náà bá sì ní kí ẹ bá òun gba owó kan sí àkáǹtì yín fún ọjọ́ méjì péré, ẹ kọ̀ fún un, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín.

Kí ẹ̀gbọ́n yín má sì retí pé ọjọ́ tó bá kúrò nípò ni wọ́n á yọ àmì náà. Òfin wa kan ẹni tó wà nípò àti ẹni tó ti wà níbẹ̀ rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti fún bọ̀ọ̀dá yẹn ní BVN yín, tàbí nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì? Bí ẹ bá ti fún un, ẹ pe báńkì kí ilẹ̀ òní tó ṣú.