Èsì: Eṣinṣin onírun tí ẹ yà ní ọgbà Agodi

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè irú eṣinṣin tó jẹ́. Fọ́tò yẹn kò lè sọ bóyá ọ̀kan lára ìdílé eṣinṣin tí à ń pè ní Tachinidae ni, tí ìdin rẹ̀ ń jẹ mùkúlú láti inú, tàbí eṣinṣin ẹran, torí òkè nìkan lẹ ti yà á. Ìlà dúdú mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ti eṣinṣin ẹran lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní gbára lé ìyẹn.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la nílò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí kámẹ́rà ṣe déédéé ara rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí àyà parí sí, lókè ikùn. Igun kékeré kan yọ síbẹ̀. Bí nǹkan mìíràn bá tún wú róbótó lábẹ́ igun yẹn bíi hóró ẹ̀wà, Tachinidae ni. Ti eṣinṣin ẹran kì í wú bẹ́ẹ̀. Bí ìyẹ́ bá bò ó, ẹ ní sùúrù kó ṣí i.

Àfi kí fọ́tò hàn kedere o. Àárọ̀ kùtù ló dára jù, kí oòrùn tó mú, torí ara eṣinṣin kì í tíì yá nígbà yẹn.

Ẹ má retí orúkọ irú rẹ̀ gan-an; fọ́tò kì í sábà gbé wa kọjá orúkọ ìdílé, bíi Tachinidae. Bó bá jẹ́ inú mùkúlú tí ẹ ń sìn ló ti jáde, ìyẹn yàtọ̀: ẹ ya mùkúlú náà, ewé tó ń jẹ, àti èèpo líle tí eṣinṣin bẹ́ jáde nínú rẹ̀.