Ṣé lóòótọ́ ni pé akọ̀wé ni wọ́n fi Wonder Woman, akọni obìnrin inú ìwé ìtàn aláwòrán, ṣe?

Òótọ́ ni. Ọdún 1941 ló kọ́kọ́ jáde, nínú All Star Comics. Nígbà tó fi máa di 1942, ó ti wọ ẹgbẹ́ akọni tí wọ́n ń pè ní Justice Society, àmọ́ iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Obìnrin tó ń fi ẹ̀gbà ọwọ́ da ọta ìbọn padà! Kì í ṣe Marston tó dá a sílẹ̀ ló kọ apá yẹn o, Gardner Fox ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Mọ́kọ́lá níbí yarí pé irọ́ ni, àfìgbà tí mo ṣí ojú ìwé náà hàn án lórí fóònù. Iyanu, ìwé ìtàn aláwòrán tí Roye Okupe kọ, ló ń kà báyìí. Ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Iyanu gan-an ni ìtàn náà dá lé.