Rúdurùdu inú iṣan: ṣé òfin wà nídìí rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo kà á pé ariwo iná mànàmáná kì í tán nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára, kódà nígbà tó bá sinmi, àti pé àwọn onímọ̀ kan rí rúdurùdu tó ní ìlànà nínú rẹ̀. Báwo ni rúdurùdu ṣe ń ní ìlànà?

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ o. Ohun méjì ni a máa ń pè ní rúdurùdu. Ọ̀kan dà bí owó ẹyọ tí a jù sókè. Èkejì ni èyí tí òfin ń darí délẹ̀délẹ̀, síbẹ̀ tí a kò lè sọ ibi tí yóò já sí. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣírò. Ẹ yọ 0.3 kúrò nínú 1, ẹ fi ohun tó kù sọ 0.3 di púpọ̀, kí ẹ tún fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀: 0.84 ni. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 0.84, àti fún èyí tó bá tún jáde, títí yóò fi pé ìgbà mẹ́wàá. Ẹ ó bá nǹkan bíi 0.04. Bí ẹ bá fi 0.301 bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi 0.62 ni ẹ ó bá. Òfin kan náà mà ni! Tí ẹ bá wá fi àmì sórí ìwé, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn àmì náà yóò tò bí òkè. Ti nọ́ńbà tí a kàn ṣà yóò fọ́n ká bí àgbàdo tí a dà fún adìyẹ.

Irú àmì tó tò bẹ́ẹ̀ ni Kazuyuki Aihara àti Gen Matsumoto rí ní Jàpáánù ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n fi iná tó ń lọ sókè sódò ru iṣan ńlá squid, ẹran inú òkun kan. Ṣùgbọ́n iṣan tí wọ́n ru sókè nìyẹn. Ti sẹ́ẹ̀lì tó sinmi yàtọ̀: awọ rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí èròjà iyọ̀ ń gbà kọjá, ooru sì ń mì wọ́n. Ní 1976, Erwin Neher àti Bert Sakmann ní Jámánì ṣàfihàn iná tó ń gba inú ihò kan ṣoṣo: ó ń ṣí lójijì, ó ń pa dé lójijì, bí ìgbà tí ọmọdé ń fi suwíìṣì ṣeré. Ẹ̀bùn Nobel ti 1991 ni wọ́n gbà lé e.

Ní tèmi, ọ̀pọ̀ ariwo yìí jọ ti owó ẹyọ ju ti òfin lọ, nítorí ariwo lásán tó bá ti gba inú asẹ́ ẹ̀rọ, èyí tó ń sẹ́ apá kan ìgbì kúrò, kọjá máa ń tan ìṣírò tí a fi ń wá òfin jẹ, bíi pé òfin wà níbẹ̀. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ a máa ṣe ayédèrú ariwo tó ní irú ìgbì kan náà láìní òfin nídìí, wọn a sì ṣe ìṣírò kan náà lé e lórí. Bí èsì méjèèjì bá bára mu, a kò lè fi ìṣírò náà sọ pé òfin wà nínú ti sẹ́ẹ̀lì.